Ẹ Má Tún Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Ṣe

Ẹni tí ẹ̀rín bá máa ń tètè pa lẹ́kún, kó yáa di inú rẹ̀ mú kó tó jókòó ti ìtàn yìí. Ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, tó gba orí afárá kọjá, tó sì lọ parí níwájú akọ̀wé ìjọba, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́.

Aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ, ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ sí ọ láàárọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́ lo ó ṣì máa wá ibi tó ti gún ọ. Oníbàárà kan wá bá a nígbà kan pé ṣòkòtò tó rán fún òun há jù. Abẹ́rẹ́ wo ọkùnrin náà tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣòkòtò ò há. Ẹ̀yin lẹ jẹun kọjá ìwọ̀n tí mo gbà lára yín." Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti ń bẹ̀rù àwo oúnjẹ bí ẹni bẹ̀rù ọlọ́pàá.

Bàbá Onítírélà ló bí i. Ọkùnrin yìí wa tírélà títí tí ohùn rẹ̀ fi di ohùn ẹ́ńjìnnì. Bó bá sín ní pálọ̀, alángbá ara ògiri á di ẹrù. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nígbà tí Abẹ́rẹ́ ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Àìsàn ọmọdé ti mú obìnrin náà ní ẹsẹ̀ kan, ó ń tiro, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ládùúgbò sì máa ń sín in jẹ lẹ́yìn. Bàbá Onítírélà kò gbà fún ẹnì kankan nínú wọn. Ìjà tó ti torí ẹsẹ̀ yẹn jà, bí a bá kó o jọ, yóò tó ogun tí orílẹ̀-èdè méjì lè fi ṣe ara wọn lọ́ṣẹ́.

Ohun tó jẹ́ ti Abẹ́rẹ́ àti ìyá rẹ̀ ni géèmù kan báyìí, tí wọ́n jọ máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sáré, tó ń fo kòtò, tó ń fo iná, títí tó fi dé ẹsẹ̀ afárá ńlá kan. Bó bá ti dé orí afárá báyìí, gbogbo nǹkan á dúró. Àwọn tó ṣe géèmù náà ti tú ká kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọn ò ṣe òdìkejì odò rí. Ìyá á fa ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, á ní, "Ṣé ibi tí wọ́n lè bá wa dé náà nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọmọ létí, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dàgbà, tó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ni yóò ṣe òdìkejì odò fúnra òun. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ géèmù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tí onínǹkan bá pa tì, wọ́n á fọwọ́ ara wọn parí rẹ̀ torí pé ọkàn wọn ò gbà. Ó ń wo fídíò kọ́ iṣẹ́ náà láàárín oníbàárà kan sí èkejì, òwú lẹ́nu, téèpù lọ́rùn. Adìẹ àkọ́kọ́ tó ṣe jábọ́ gba inú ilẹ̀ kọjá, torí ó gbàgbé láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ máa ń le. Adìẹ yẹn ṣì ń jábọ́ lọ di bí a ṣe ń sọ yìí. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣí sójú ọ̀run. Ó fún ewúrẹ́ kan lágbára ìfò, ó ṣi nọ́ńbà tẹ̀, ewúrẹ́ fò, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ le, ilẹ̀kùn sì mọ ilé tí òun jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin asáré kọ́ ni Abẹ́rẹ́ fi sí òdìkejì odò. Obìnrin kan tó ń tiro ló fi síbẹ̀. Obìnrin náà kò lè fo kòtò, nítorí náà ó ní láti ronú: á fi pákó dí i, á bẹ ọlọ́kọ̀ ojú omi, á jókòó sinmi. Ó ń lọ ra òwú ní ìlú kejì, lẹ́yìn náà yóò tún gba ọ̀nà kan náà padà wálé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ gbé géèmù náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ọ̀kan béèrè pé, "Ìbọn dà?" Òmíràn ní, "Kí ló dé tí màmá yìí ò lè sáré?" Abẹ́rẹ́ fèsì: "Ìyá tìẹ náà, ṣé ó ń sáré ni?"

Àfi ọjọ́ kan tí ẹnì kan kọ̀wé báyìí pé: "Kí màmá yẹn tó gun afárá, ó máa ń fọwọ́ ti ògiri kan. Ọ̀dà ògiri náà ti ṣí níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn, ibòmíràn ò sì ṣí. Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni?"

Abẹ́rẹ́ ka ọ̀rọ̀ yìí títí tíì rẹ̀ fi tutù, títí eṣinṣin kan fi wọ inú rẹ̀, tó lúwẹ̀ẹ́, tó sì jáde lálàáfíà. Ibi ọ̀dà tó ṣí yẹn kò ju àtàǹpàkò ọmọ ìkókó lọ. Ó ti yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, títí ojú fi ń ta á. Gbogbo ayé ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá, kò sẹ́ni tó yíjú.

Ó kọ̀wé padà: "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ta ni ìwọ?"

"Akunlé ni mí. Ọ̀dà ni mo fi ń jẹun. Ibi tọ́wọ́ èèyàn bá ń kàn lójoojúmọ́, ọ̀dà ibẹ̀ kì í purọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wọn. Ní ọjọ́ kan, Akunlé ya fọ́tò ògiri tó ń kùn lọ́wọ́ ránṣẹ́, kó lè fi bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń pọ́n ọ̀dà funfun hàn án. Abẹ́rẹ́ wo fọ́tò náà, ó rí fèrèsé kan tí gíláàsì rẹ̀ la sí méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù tó la gíláàsì yẹn ní kékeré. Ilé búrẹ́dì Àǹtí Oníbúrẹ́dì ni, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, kò sì jìnnà ju kí èèyàn kọ orin kan tán lọ.

Nígbà tó débẹ̀, ọkùnrin gígùn kan wà lórí àkàbà. Ọ̀dà tó wà lórí irun rẹ̀ nìkan tó kun yàrá méjì àti pálọ̀.

Abẹ́rẹ́ dúró nísàlẹ̀. "Sọ̀kalẹ̀ kí n rí ojú tó rí ògiri mi."

Akunlé wolẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì balẹ̀ sínú garawa. "Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi nìyí. Ṣé o rò pé ọkùnrin ni mí ni?"

"Mo rò pé o ti dàgbà. Ẹni tó mọ bí ọwọ́ ṣe ń rẹ ògiri, mo rò pé á ti lé ní àádọ́rin."

"O ti fi ọjọ́ orí bú mi, a ò tíì kíra."

"Ó dáa, ẹ kúùrọ̀lẹ́, màmá." Ó ti sọ̀kalẹ̀ tán, ó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ tó lẹ́nu bí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ká téèpù ọrùn rẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, àyà rẹ̀ sì ń lù bí máṣíìnì tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́, tí okùn rẹ̀ fẹ́ já.

Láti ìgbà náà ni Akunlé ti ń kun ògiri kan ṣoṣo yẹn. Àǹtí Oníbúrẹ́dì fara dà á títí, ó wá sọ fún Abẹ́rẹ́ pé, "Ọmọ mi, ògiri mi ti nípọn débi pé oníbàárà ò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ara yín, ẹ sọ kí n lọ bá bàbá rẹ, kí n lè ráyè ta búrẹ́dì."

"Àǹtí mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù wo? Èmi àti bàbá rẹ la jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọnkun. Ohùn lásán ló ní."

Nígbà yẹn, Akunlé ti ń bá Abẹ́rẹ́ fi ọ̀dà sí géèmù náà: ojú ọ̀run, omi, àti ìpẹtà ara ilẹ̀kùn. Gbogbo iṣẹ́ náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà Akunlé pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ kì í fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ó fún un ní ti géèmù, èyí tí wọ́n fi ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bí Àǹtí ṣe jókòó ní pálọ̀ Bàbá Onítírélà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ti rí ẹni tó wù ú. Akunlé ni. Ọmọlúàbí ni."

"Akunlé? Ẹni tó ń fi àkàbà jẹun? Bí àkàbà bá yẹ̀ ńkọ́?"

"Tírélà tí ẹ̀yin fi jẹun, ṣé orí ibùsùn ló ń sáré?"

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Níbo ni wọ́n ti pàdé?"

Àǹtí wo Abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ wo ilẹ̀. "Nínú géèmù, Bàbá. Èyí tí mo ṣe."

"Ìwọ ń ṣe géèmù? Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ? Gbé e wá kí n rí i."

Abẹ́rẹ́ gbé kọ̀ǹpútà wá. Ní ọkàn rẹ̀, ó ń retí pé bàbá yóò rí i, ojú rẹ̀ á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Obìnrin inú géèmù jáde látẹnu ọ̀nà, agbọ̀n lọ́wọ́, ó gbé èjìká kan sókè, ó tiro lọ síbi ògiri. Bàbá Onítírélà sún àga mọ́ kọ̀ǹpútà. Alángbá gan-an ò mira.

"Pa á."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó dé orí afárá ná."

"Mo ní pa á." Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn ló bani lẹ́rù jù. "Gbogbo ẹni tó fi ìyá rẹ ṣe ẹlẹ́yà ládùúgbò yìí ni mo bá jà. Mi ò mọ̀ pé inú ilé mi ni èyí tó kù wà."

"Mi ò fi ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà."

"O fi í fún àjèjì kí wọ́n máa fi ìka tì í kiri. Gbọ́ o. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn bá tọ́ nínú nǹkan yìí, kí akunlé rẹ wá rí mi. Títí di ọjọ́ náà, kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Abẹ́rẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ náà ò ní í tọ́."

Báyìí ni ilé náà ṣe dì. Oṣù wọ oṣù, Bàbá ò bá ọmọ sọ ju "káàárọ̀" tó fi ń dáhùn "ẹ káàárọ̀" rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń rò ó lọ́kàn. Ṣé ẹsẹ̀ kan tó ìgbéyàwó? Bí òun bá tọ́ ọ, ta ni yóò mọ̀? Àwọn ìgbà mìíràn, á gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì, á tún gbé e kúrò.

Ibi tó ti ń rò ó ni Akunlé ti ṣe é. Ìfẹ́ ló tì í, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà máa ń ti èèyàn sí kànga. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tọ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà bí ẹni na wáyà tó ká, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó lè mú un lọ han Bàbá. Kí ó tó wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Abẹ́rẹ́, ẹnì kan tó ń gbá géèmù náà ti kọ̀wé sí Abẹ́rẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti tún àṣìṣe ẹsẹ̀ yẹn ṣe. Màmá ti ń rìn bí ológe."

Abẹ́rẹ́ fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ibi tí Akunlé ti ń kun ilé ìwé kan ló bá a.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá mi?"

Akunlé sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún ọ lónìí. Bàbá ní bó bá tọ́, kí n wá. Mo ní kí n tọ́ ọ, ká fẹ́ra, lẹ́yìn náà ká dá a padà."

"Kí n fi irọ́ wọlé ọkọ."

"Ẹsẹ̀ inú àwòrán ni."

"Ògiri yẹn náà, inú àwòrán ló wà. Ìwọ nìkan lo rí i." Omi ti lé sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mì. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Bí o bá lè tún ìyá mi ṣe nítorí kí o lè fẹ́ mi, kí lo máa tún ṣe lára èmi nígbà tó o bá fẹ́ mi tán?"

Akunlé sún mọ́ ọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ti yí padà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Abẹ́rẹ́ rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ọrùn, ó rán àpò sí ẹ̀yìn, ó sì fún ọkùnrin kan ní ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àǹtí Oníbúrẹ́dì wá, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná kalẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ti tún wá kun ògiri mi láàárọ̀ yìí. Mi ò bẹ̀ ẹ́, kò gbowó. Ó kàn ń kùn, ó ń mí kanlẹ̀. Ó ní kó o wo géèmù rẹ."

Abẹ́rẹ́ ní òun ò ní í wò ó. Àǹtí ò tíì yí kọ́nà tó fi wò ó. Ẹsẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, Akunlé kọ ọ́ pé: "Ìrìn màmá yìí kì í ṣe àṣìṣe. Èmi tí mo tọ́ ọ ni mo ṣàṣìṣe. Ẹ máa bá a rìn bó ṣe ń rìn."

Ó ṣì ń ka èyí nígbà tó gbọ́ ohùn nílé wọn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ. Akunlé dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Onítírélà, ibi tí wọ́n ní kó má tẹ̀ gan-an, ọ̀dà lórí, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ káàsán. Mo ti tọ́ ẹsẹ̀ yẹn bí ẹ ṣe wí. Mo ti dá a padà. Mi ò ní tọ́ ọ mọ́ láéláé. Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá Onítírélà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàtà náà fò, ó ré kọjá orí Akunlé, ó ré kọjá orí ọgbà, wọ́n ní ẹyẹ ló yà fún un lójú òfurufú. Abẹ́rẹ́ lọ ṣà á lójú títì, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá rẹ̀.

"Bàbá, bàtà yín rèé. Ẹ jà kí ẹnikẹ́ni má baà wo ẹsẹ̀ ìyá mi. Ẹ ṣeun, ìfẹ́ ni. Èmi fẹ́ kí gbogbo ayé wò ó, kí wọ́n sì bá a rìn délé. Ìfẹ́ lèyí náà. A ó lọ mú ọjọ́ ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Bẹ́ ẹ bá wá, inú mi á dùn. Bẹ́ ẹ ò bá wá, màá sunkún, màá sì fi ẹkún náà fọwọ́ sí ìwé."

Akunlé rọra sún mọ́ ọn. "Ṣé a ti parí ìjà ni?"

"A ó parí ẹ̀ lójú ọ̀nà. Máa lọ."

Ọjọ́ pé. Ọ́fíìsì náà kéré débi pé bí ìyàwó bá mí sínú, ọkọ ní láti mí síta. Abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Akunlé ti fọ orí títí, síbẹ̀ ọ̀dà kù létí rẹ̀. Àǹtí Oníbúrẹ́dì jókòó bí ìyá ọba, ó gbé àpò sórí àga tó yẹ kí Bàbá jókòó sí, kí òfìfo rẹ̀ má baà hàn jù. Abẹ́rẹ́ rí àpò náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, kò wò ó mọ́.

Akọ̀wé ìjọba, ọkùnrin tó ń kàwé bí ẹni ń ka iye owó iná, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó lè ní kí àwọn méjèèjì má ṣe fẹ́ra.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. "Mo ní."

Bíró akọ̀wé jábọ́. Bàbá Onítírélà wọlé, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn. Akunlé di ọwọ́ Abẹ́rẹ́ mú. Abẹ́rẹ́ gbé orí sókè.

"Bàbá, mo ti sọ tèmi."

"Jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Mo ní kí wọ́n fi nǹkan yín sórí fóònù mi, kí n lè mọ bí ẹ̀sín náà ṣe pọ̀ tó, kí n wá rò ó níbí. Mo gbá a. Mo jábọ́ sódò títí mo fi fẹ́ẹ̀ mọ orúkọ àwọn ẹja. Mo ra òwú yẹn. Mo mú un padà délé." Ó na fóònù sí Abẹ́rẹ́. "Nígbà tó ń lọ, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro. Ó dáa. Bó ṣe ń gbé èjìká náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bọ̀, ó ti di ẹsẹ̀ ọ̀tún. Obìnrin wo ló ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ lọ́jà? Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí màá máa wò ó bọ̀. Lílọ ni o, bíbọ̀ ni o, ẹsẹ̀ òsì ni."

Abẹ́rẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Bíbọ̀ kọ́ ló yà. Lílọ nìkan ló yà, ó wá yí àwòrán náà sódì fún ìpadàbọ̀, bí ẹni yí ẹ̀wù sódì láti rán an, bí gbogbo alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹsẹ̀ sì bá a yí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ti wò ó. Ojú Akunlé tó ń rí ọ̀dà tó ṣí gan-an kò rí i.

Akọ̀wé ti rí bíró rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra ni?"

"Ta ló ń sọ ìyẹn? Wọn ò gbọ́ tẹnu mi látilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo ní kí wọ́n tún ṣe."

"Bàbá," Abẹ́rẹ́ ní, ohùn rẹ̀ sì mì fún ìgbà àkọ́kọ́, "mi ò ní í tọ́ ọ."

"Mi ò ní kó o tọ́ ọ. Mo ní kó o jẹ́ kó tiro dáadáa."

Ó gbé àpò Àǹtí kúrò lórí àga, ó jókòó, ó sì wo akọ̀wé. "Máa kà á lọ. Àbí ta ló dá ọ dúró?"